Ẹnu Púlọ́ọ̀gì àti Ìka Ọkọ Mi

Àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì ló wà níbi tí ọkọ mi ti ń ṣe mẹkáníìkì tẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìlá báyìí. Eruku wọn ti bo ilẹ̀, síbẹ̀ tí òjò bá rọ̀, mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn ọ́ìlì níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé imú mi ló ń ṣe é. Ọkọ mi kì í gba ibẹ̀ mọ́. Tí a bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, á ní kí oníkẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Èmi kò kàwé lọ títí, iṣẹ́ mọ́tò kò sì kàn mí. Oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń gbé lọ fún un. Màá jókòó lórí táyà títí yóò fi jẹun tán, màá kó abọ́ mi, màá lọ. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé púlọ́ọ̀gì ló ń dáná fún ẹ́ńjìnnì, àti pé ọkọ mi máa ń ki bíléèdì ayùn irin bọ ẹnu rẹ̀ láti mọ bó ṣe là tó. Kò gbọdọ̀ há jù, kò sì gbọdọ̀ rìn fàlàlà. Ìka ló fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ṣúgà dé sí i lára. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, tí kì í mọ nǹkan tó bá kàn án mọ́. Nígbà tó dé ọwọ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rí i lọ́jọ́ kan tó di abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná mú, tí kò yára gbé e sílẹ̀.

Àwọn oníbàárà ti ń wá ibòmíràn lọ nígbà yẹn, láìbínú, láìsọ̀rọ̀. Ó ku tíṣà kan tó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjàn lójoojúmọ́. Ọkọ mi ló ń tún mọ́tò bàbá rẹ̀ ṣe látijọ́. Tíṣà yìí wá ra mọ́tò tó ní tọ́bò. Tó bá ń gun òkè ọ̀nà Ìjàn, mọ́tò náà á máa gbọ̀n kìjìkìjì bí ẹni tí ibà mú. Mo mọ̀ pé tí ọkọ mi ò bá rí tèyí ṣe, ó parí nìyẹn. Òun náà mọ̀.

Ó ń ṣàlàyé fún mi bí mo ṣe ń sọ abọ́ kalẹ̀. "Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni tọ́bò yìí ṣe rí. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Tí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá là jù, afẹ́fẹ́ á pa iná. Tó bá pàdé jù, iná á kéré, mọ́tò ò ní dúró jẹ́ẹ́."

Mo ní, "Bí ìgbà tí èèyàn ń ṣá ìṣáná nínú ọyẹ́ ni. Àfi kéèyàn bò ó mọ́ra."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Bíléèdì ayùn nípọn jù fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ó mú géèjì rẹ̀ jáde, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so pọ̀, tí ọ̀kan tínrín ju èkejì lọ. Ó yan ọ̀kan, ó fi wọn ẹnu àwọn púlọ́ọ̀gì náà, ó dá wọn padà sí àyè wọn. Lọ́jọ́ kejì tíṣà tún dé.

"Bàbá, ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o."

Ọkọ mi tún ṣí iwájú mọ́tò náà. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, ó tò wọ́n sórí àkísà. Fókánáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pariwo láti ibi tó ti ń fẹ́ táyà: "Tíṣà, ẹ kúkú wá màlúù kó máa fà yín lọ sí Ìjàn!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí tíṣà lọ ra omi, ó pè mí.

"Màmá, wá."

"Ṣé oúnjẹ ò tó ni?"

"Gbé ọwọ́ rẹ wá. Fa irin yìí jáde. Ṣé ó há díẹ̀?"

"Há kẹ̀? Ó kàn ń wọlé-jáde fàlàlà ni."

Ó gba irin náà lọ́wọ́ mi. Ó wá ní, "Èmi ò mọ ìyàtọ̀ mọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ó rọra gbá ẹnu púlọ́ọ̀gì náà mọ́ pákó, ó gbé e fún mi. Mo ní ó ti há jù. Ó là á díẹ̀.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ń jáde, àmọ́ ó ń lọ́ra, bí ọ̀bẹ ṣe ń jáde nínú móínmóín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná."

Ó mí kanlẹ̀. "Ibẹ̀ náà nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ìyókù. Fókánáísà rí wa. "Màmá mẹkáníìkì! Tí ẹ bá ṣe tán níbẹ̀, ẹ wá bá mi lẹ táyà!"

"Fẹ́ táyà tìẹ, jàre," mo dá a lóhùn.

Lọ́tẹ̀ yìí ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Tíṣà gbé wa lọ sí ọ̀nà Ìjàn láti dán an wò. Iwájú ni ọkọ mi máa ń jókòó tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí a dé ìdí òkè, tíṣà tẹ mọ́tò. Tọ́bò ń súfèé, mọ́tò gun òkè náà dé orí láìgbọ̀n rárá. Tíṣà fi ọwọ́ gbá sitiárìn.

"Bàbá! Ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀!"

"Kì í ṣe ọwọ́ mi."

Tíṣà rò pé Ọlọ́run ló ń fi ọpẹ́ fún. "Àmín, sà," ló wí.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo sọ̀rọ̀ sí i létí. "Èmi lè máa bá yín wọn ẹnu púlọ́ọ̀gì. Lójoojúmọ́, tí mo bá ti gbé oúnjẹ dé."

"Ṣé púlọ́ọ̀gì nìkan ni? Nọ́ọ̀tì ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì gbígbóná ńkọ́, tó bá jó mi tí mi ò mọ̀?" Ó yíjú sí fèrèsé. Kì í sọ Èkìtì níwájú oníbàárà, àmọ́ Èkìtì ló sọ: "Uṣẹ́ tán."

Mo na ọwọ́ sí i lórí ìjókòó, mo fi ìka mi kọ́ ìka rẹ̀. Ó dúdú fún ọ́ìlì, ó le. Ìta ló ń wò. A wọ Adó, a wọ Òkè-Ìlá, ìka mi wà nínú tirẹ̀ títí mọ́tò fi dúró. Kò wo ilẹ̀, kò sì mọ̀ pé mo dì í mú.