Kókó Òwú Inú Ọrùn Sùtánà

Sùtánà méjìlélógójì ni Àtọ́kẹ́ máa ń fọ̀ lọ́sẹ̀ ní ilé míṣọ̀n kan ní Baruwa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe é. Kò sí orúkọ lára aṣọ kankan. Kókó òwú ló máa ń ta sí inú ọrùn wọn: ẹyọ kan fún Wòlíì Ọdẹ́tọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọ, méjì fún ìyàwó rẹ̀, ti Ebenezer tó ń lu agogo wà lápá òsì. Ìka ló fi ń mọ ẹni tó ni aṣọ. Nítorí náà, nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kò sẹ́ni tó tètè fura.

Naomi tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ míṣọ̀n nìkan ló mọ̀. Búlúù tí wọ́n ń tú sí omi ìkẹyìn kí aṣọ lè funfun kò ṣeé fọwọ́ mọ̀. Ní gbogbo Sátidé, Naomi á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, á wá wo inú ọpọ́n.

"Ó tó, Màmá. Àbí ẹ fẹ́ sọ Wòlíì di ọmọ iléèwé aláṣọ búlúù ni?"

"Dákẹ́ jàre. Ìwọ tó o fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lánàá ńkọ́?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Àtọ́kẹ́. Yàrá tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹni tó ń fọṣọ ni. Bí kò bá fọṣọ mọ́, yóò kúrò níbẹ̀. Olútóyìn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Àgbàdo, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin nínú yàrá kan.

Lọ́dún tó kọjá, Wòlíì kéde ìsìn ìmoore fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn bí ìfọṣọ àti ìdáná. Ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, Naomi lọ ra ata ní Ipaja, kò sì tètè dé. Àtọ́kẹ́ dúró dè é títí oòrùn fi ń lọ. Ó ti gbọ́ pé wọn yóò pe orúkọ òun, ó sì fẹ́ kí aṣọ funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tú búlúù sómi fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbàwọ́n búlúù wà lára gbogbo sùtánà, láti èjìká dé ìṣẹ́tí.

"Ẹ ò ṣe dúró dè mí?" Naomi ń sunkún.

Wòlíì kò bínú. Ó wọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan Àtọ́kẹ́ níbi ìsìn náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú ìjọ.

"Màmá ti sìn wá. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àwa ni a ò fura. Ó tó àsìkò kí wọ́n lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ wọn."

Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n sì kọrin. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Lọ́jọ́ kejì, Ọláṣùmbọ̀ dé láti gba iṣẹ́ náà. Àtọ́kẹ́ fi ìka wá inú ọrùn aṣọ àkọ́kọ́.

"Ẹyọ kan, ti Wòlíì nìyẹn. Méjì…"

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Máákà la máa fi kọ orúkọ sí i."

Àtọ́kẹ́ ká aṣọ náà, ó gbé e kalẹ̀.

Naomi bá a gbé ẹrù dé géètì. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà nínú ọgbà míṣọ̀n. Naomi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bàtà Àtọ́kẹ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀, Màmá."

Ó pẹ́ kí Àtọ́kẹ́ tó gbé e.