Ọjọ́ Tí Ìṣáná Já Mi Kulẹ̀ ní Ìwó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa yìí, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ilé tí mo kọ́kọ́ dá gbé láyé mi. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tọ́ sí mi!

Èkó ni wọ́n bí mi sí. Ilé ìyá mi ni mo wà títí mo fi bí Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí mi. Ọmọ náà kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ réluwé, lọ sí Ìwó. Ó gba yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wa nínú agboolé àwọn Mùsùlùmí kan, ilé amọ̀ tí wọ́n fi koríko bò. Nígbà tí mo rí i, inú mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tiwa ni! Mo gbá a, mo gbé àpótí mi kalẹ̀, mo ra ìkòkò tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sàláwù, ìyáálé gbogbo agboolé náà, wá kí mi káàbọ̀. Wọ́n ní ilé ìdáná àwọn ló wà ní ọ̀kánkán yẹn, kí n máa mú àpáàdì wá fọnná láràárọ̀ bí àwọn ìyàwó yòókù ṣe ń ṣe. Ṣé ẹ mọ ohun tí èmi ọmọ Èkó ṣe? Mo rẹ́rìn-ín! Mo fa ìṣáná yọ, mo ṣá a lójú wọn, mo ní èmi kò ní í yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n wo iná náà títí ó fi kú. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, ó parí. Láàárọ̀, màá máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn ìyàwó ní ilé ìdáná, kálukú pẹ̀lú àpáàdì rẹ̀, èmi á sì jókòó sí yàrá bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Mo ní ara Ìwó kò fẹ́ràn àlejò. Mo sunkún títí. Ìgbà tí wọ́n tún wá rán ọkọ mi lọ sí Òṣogbo fún ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Ọmọ nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò dá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́, ó tutù bí omi àmù. Kò mu ọmú, ó kàn ń ké. Òrùlé ti jò sára aṣọ rẹ̀, ó sì ti jò sínú àpótí mi, níbi tí mo kó ìṣáná sí.

Mo ṣá ọ̀kan, orí rẹ̀ rẹ́ dànù. Mo ṣá òmíràn, kò tan. Mo ṣá a títí gbogbo rẹ̀ fi tán lọ́wọ́ mi. Mo yọjú síta, èéfín ń rú ní ilé ìdáná Ìyá Sàláwù, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mo ń fẹ́ èémí sí i lọ́wọ́, mo ń bẹ Ọlọ́run. Ìgbà náà ni igbe rẹ̀ dákẹ́. Mo pè é, kò lajú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé pé ojú ń tì mí.

Mo wá àpáàdì. Níbo ni èmi tí gbogbo ohun èlò mi jẹ́ tuntun ti fẹ́ rí àpáàdì? Mo gbé ìkòkò tuntun mi, mo là á mọ́lẹ̀! Mo ṣa èyí tó tóbi jù, mo pọn ọmọ, mo sá wọ inú òjò.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo na àpáàdì náà sí wọn. Ìyá Sàláwù wo etí àpáàdì náà níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tó ṣì pupa.

“Ìkòkò rẹ lo fọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.”

“Bísímílà! Gbé ọmọ wá.”

Wọ́n tú aṣọ tútù lára rẹ̀, wọ́n gbé e sún mọ́ ààrò, wọ́n ń fi àdín tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pa á lára. Ìyàwó kan mú aṣọ gbígbẹ wá, òmíràn da nǹkan bo èmi náà. Mo ń wo àyà ọmọ mi bóyá ó ń lọ sókè. Ó pẹ́ o! Ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ figbe ta, èmi náà figbe ta.

Mo ń bẹ Ìyá Sàláwù pé kí wọ́n má bínú sí ìgbéraga mi. Wọ́n ní àwọn ò bínú.

“Ọmọ mi, ẹni tí a ò bá rí kó wá fọnná láàárọ̀, a ó lọ wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá. Bí a ṣe ń mọ̀ nìyẹn. Tìẹ, ọjọ́ wo la fẹ́ mọ̀? Ojoojúmọ́ la ò rí ọ.”

Ẹ gbọ́ ọ! Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, tí mo wá ń bú ara Ìwó.

Ọkọ mi mú ìṣáná tuntun bọ̀ láti Òṣogbo. Mo dúpẹ́, mo kó o sínú àpótí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí mi tí mo ń mú àpáàdì jáde, ó ní ṣé ìṣáná náà ò dáa ni. Mo ní ó dáa, mo kàn fẹ́ lọ sọ fún wọn pé a jí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbé ìlú onílùú, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan kí ẹ tó sọ pé ẹ kò nílò rẹ̀. Ta ló tún ti ṣe irú tèmi rí? Ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ o, kó má jẹ́ èmi nìkan ni òmùgọ̀ ìwé ìròyìn yìí! Ní tèmi, ilẹ̀ ti ń mọ́ báyìí, mo fẹ́ lọ mú àpáàdì mi. Ti ìkòkò tuntun yẹn náà ni.