Èdè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fòfin Dè

Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe adelé olórí àwọn nọ́ọ̀sì, àwa ẹ̀yà tí ò tó nǹkan nílùú yẹn yọ̀ débi pé àwọn kan sunkún. Kò sí ọmọ wa tó débẹ̀ rí. Ká gbálẹ̀, ká fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ wá mọ́ nìyẹn. Èmi fúnra mi, níbi ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà ni mo wà. Adelé ni ṣá o. Àfi tí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i ni ipò náà tó lè di tirẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ló ń tì í lẹ́yìn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ ire fún un. Ló bá pè é sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan.

"Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń kùn pé àwọn èèyàn yín ń fi èdè yín bú àwọn lójú ara wọn. Ẹ bá wọn wí o. Ẹ̀yin ni gbogbo ojú ń wò."

Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé èdè yẹn ló fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ní kékeré, kó àwọn nọ́ọ̀sì ẹ̀yà wa jọ. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ sí wọn, kí wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé orí yín pé báyìí?"

"Fara balẹ̀ jàre. Jẹ́ kí ipò yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́ ná, màá pa òfin náà rẹ́."

Ẹni tó kọ́kọ́ rú òfin ọ̀hún, yàrá ìkẹ́rùsí ni ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ. Làwọn yòókù bá panu mọ́.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó gan-an ni màmá àgbà kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ inú fún, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èdè wa nìkan ló gbọ́. Ó ń sọ pé inú òun ti le bí igi, pé ojú òun ń ṣú. Dókítà rò pé ìrora iṣẹ́ abẹ lásán ni, ó ní kí wọ́n fún un lóògùn ìrora. Nọ́ọ̀sì ẹ̀yà wa kan wà níbẹ̀, Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí ohùn rẹ̀ ò lè jí ọmọ tuntun. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó sáré lọ gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀, ló bá dúró síta.

Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ìyá náà, ó ti dákẹ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún dókítà?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi Jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, mà."

Ìgbìmọ̀ ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní ipò náà. Wọ́n tiẹ̀ yìn ín pé àwọn èèyàn rẹ̀ kì í pariwo mọ́.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin ìyá náà wá gbé òkú, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo wá kó. Ó di ọwọ́ méjèèjì ẹ̀gbọ́n mi mú, ó sì fi èdè wa bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni pé màmá mi á kú sáàárín àwọn tí ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọlọ́run ló fi yín síbẹ̀."

Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́wọ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó má jẹ́wọ́. Obìnrin yẹn ò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣì ń dúpẹ́.