Òrùlé Tó Pa Tíṣà Jayéọlá

Tíṣà Cornelius Jayéọlá ti kú. Ọjọ́rú tó kọjá la sin ín ní Ayétòrò, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àìsàn kọ́ ló pa á. Orí òrùlé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti já bọ́, níbi tó ti ń fi tapólì bo ihò tí àwọn tó ni àṣẹ kọ̀ láti dí. Ọjọ́ kẹta ló dákẹ́ ní ọsibítù.

Òun ló kọ́ mi nílé ìwé ìjọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó tọrọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìjọ ti pa tì, ó gbá ìgbẹ́ àdán kúrò níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun àtijọ́ jọ síbẹ̀. Á gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, lọ sí Igbógílà, títí dé bọ́dà, á jókòó ti àwọn àgbàlagbà, á ní, "Kí lẹ ní nílé tí ẹ ò fẹ́ kí ọmọ yín gbàgbé?" Ọkọ́ àgbẹ̀ wà níbẹ̀, àwọ̀n ẹja àwọn Ègùn, wàláà ọmọ kéwú, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ti sán. Ara ohun kọ̀ọ̀kan ló lẹ bébà mọ́: orúkọ ẹni tó mú un wá, àti ohun tí ẹni náà sọ. Kì í fi èrò tirẹ̀ kún un.

Mo fojú mi rí ohun tí ilé yẹn lè ṣe. Lọ́dún tí màlúù jẹ oko lẹ́yìn Ìmàṣàyí, tí wọ́n sì ṣá èèyàn méjì ládàá, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní tí bàbá wọn ti jọ gbé kò kí ara wọn mọ́. Tíṣà ránṣẹ́ pe obìnrin méjì. Nímọ́tà ni àgbẹ̀ tí màlúù jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Àdámà ni Fúlàní tí wọ́n dáná sun àgọ́ ọkọ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó. Tíṣà gbé igbá wàrà kan tí wọ́n fín kalẹ̀ sáàárín wọn.

Nímọ́tà wò ó títí. "Ìyá mi ló mú ìyẹn wá," ó ní. "Nígbà tí wọ́n bí i, ọmú ìyá rẹ̀ gbẹ. Obìnrin Fúlàní kan ló ń fi igbá yẹn gbé wàrà wá láràárọ̀ títí ọmọ fi gbó."

Àdámà dìde, ó gbé igbá náà, ó fi ìka tọ ojú fínfín rẹ̀. "Ọwọ́ ilé ìyá mi nìyí," ó wí, Yorùbá rẹ̀ já gaara. "Àwa la máa ń fín in báyìí."

Ó gbé igbá náà padà sáàárín wọn. Nímọ́tà ní, "Màlúù ṣì jẹ ẹ̀gẹ́ mi."

Àdámà ní, "Mo mọ̀. Iná náà sì jó àgọ́ mi."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn ọkọ wọn ti jọ fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tí màlúù yóò máa gbà dé odò. Ìpàdé àlàáfíà mélòó ni wọ́n ti ṣe fún wa, tí wọ́n jẹ ìrẹsì, tí wọ́n ya fọ́tò, tí ọ̀nà kankan kò sì tibẹ̀ yọ?

Nígbà tí òkìkí kàn, àwọn kan dé, wọ́n pe ara wọn ní Ìgbìmọ̀ Àbójútó Ohun Àtijọ́. Wọ́n kan pátákó síwájú ilé, wọ́n ní ó ti di ti gbogbo ìlú. A pàtẹ́wọ́. Lọ́dún kejì, ìjì ṣí páànù mẹ́rin. Tíṣà kọ̀wé sí wọn. Ó tún kọ. Méje ló kọ, wọn kò dá a lóhùn. Àfìgbà tó ní òun àtàwọn ọmọ ìjọ yóò kàn án fúnra àwọn ni èsì yára dé: "Ilé náà kì í ṣe tiyín mọ́. Ẹ má fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀." Wọn kò ní ṣe é, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é ṣe é. Ṣé àbójútó nìyẹn?

Ìtìjú tèmi náà rèé. Lóṣù kẹta ọdún yìí, Tíṣà wá bá mi nílé n'Ìlaròó pẹ̀lú ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà. Ó ní, "Olúgbénga, ìwọ lò ń kọ ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé ìròyìn. Bá mi kọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìgbéyàwó ọmọ olóṣèlú kan ni mo kọ. Lọ́sẹ̀ kejì, bọ́ọ̀lù. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń wo fóònù títí ó fi dákẹ́. Ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú, n kò rí ojú ìwé kan ṣoṣo fún un.

Níbi ìsìnkú, aṣojú ìgbìmọ̀ ka bébà gígùn, ó ní òpó ńlá ti wó. Màmá Jemima, ìyàwó Tíṣà, gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ ṣé o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Ọkùnrin náà ní àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò. Nímọ́tà àti Àdámà dúró pọ̀ lẹ́yìn èrò, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo. Ojú fèrèsé ni mo ti yọjú: àpò ajílẹ̀ ni wọ́n tò lé orí àwọn tábìlì. Omi ń kán. Àwọn bébà Tíṣà ti já sílẹ̀, tàdáwà ti ṣàn, n kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni kà mọ́. Ohun táwọn òkú fi síkàáwọ́ wa ti yadi.

Nítorí náà mo béèrè: ta ló fọwọ́ sí lẹ́tà tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan òrùlé? Kó jáde. Kí ìgbìmọ̀ kó ajílẹ̀ wọn, kí wọ́n kan páànù, kí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Màmá Jemima lọ́wọ́. Kí wọ́n ṣèwádìí ikú yìí ní gbangba, ní Ayétòrò, níwájú àgbẹ̀ àti Fúlàní. Èmi yóò wà níbẹ̀. Kí wọ́n bi mí, lójú gbogbo ènìyàn, ohun tí mo ń ṣe láti oṣù kẹta.