Ọkọ Ni Wọ́n Ń Pè Mí

Òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò nílé wa ní Ṣógúnlé nígbà náà. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rí: obìnrin Èkìtì pẹ́lẹ́ńgẹ́, tíṣà, tó máa ń dìde nídìí sítóòfù láti wá kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi." Ó fi ọdún méje jù mí lọ. Obìnrin bíi tiẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ó bá mi nílé ni, ìwọ náà sì mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Owó epo wà nílùú, ìjọba ń rán àwọn tíṣà lọ kàwé sí i. Orúkọ ìyàwó wa jáde, ọdún méjì ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun nìkan ò lè dá pinnu rẹ̀, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Bàbá wa àti àwọn àgbà ẹbí ní Oǹdó. Nígbà tí ìpàdé ẹbí ku ọ̀la, ìyàwó wa wá kúnlẹ̀ níbi tí mo ti ń lọ aṣọ ọ́fíìsì mi.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n á gbọ́ tiyín."

Mo ní kò burú.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà sọ̀rọ̀ tán, Bàbá kọjú sí mi. "Ìwọ ọkọ ìyàwó, kí lo rí sí i?" Mo wo sítóòfù yẹn. Mo rò ó pé èmi ni màá máa dáná bó bá lọ.

"Ta ni yóò wá máa tọ́jú ilé?" ni mo wí.

Wọ́n yìn mí pé mo sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Ìyàwó wa kó àwo nílẹ̀, ó wọlé lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi ti fọ́. Tíṣà mìíràn ló lọ sí Ìbàdàn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ sílé ọkọ ní Okota. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Ìyàwó, omi ìwẹ̀ mi ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

Kò pé oṣù kan tí mo fi padà sí Ṣógúnlé lọ bẹ ìyàwó wa. Ó ṣì wà nídìí sítóòfù. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa pè mí lórúkọ.

"Ọkọ mi, ó ti rẹ̀ mí," ni ó wí, kò tilẹ̀ bínú. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó ti rẹ èmi náà báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni orúkọ yẹn fi agbára lé mi lọ́wọ́ láyé mi, obìnrin bíi tèmi ni mo sì fi tilẹ̀kùn mọ́.