Ìyá Ìdí Kànga Tí Mo Jí Dìde

Mo rántí ìgbà tí mo ní ọmọ ogun òkú mẹ́rìnlélógún, tí mo jókòó sí fàráńdà ìyá àgbà mi ní Ìlúpéjú-Èkìtì, tí mò ń rán wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀gá ológun. Ọdún kan tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì ni. Ọdún kẹta ni mo wà, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi nínú ilé. Àpò aṣọ kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ìdérí rẹ̀ ti là, àti ìgbéraga tí àpò ò gbà ni mo kó bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́.

Igun fàráńdà yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró dáadáa. Láàárọ̀, màá lọ cháàjì kọ̀ǹpútà mi ní ṣọ́ọ̀bù bàbá agẹrun tó ní sólà lórí òrùlé. Tó bá di ọ̀sán, màá jókòó, ìyá àgbà náà á sì jókòó tì mí, òkúta níwájú rẹ̀, ẹkùrọ́ nínú abọ́, á máa fọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Géèmù tí mò ń ṣe jẹ́ ti ìlú àfinúrò kan tó ní igbó àti òkè àti àwọn ọ̀tá tí kì í tán. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kálukú láti ilé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin kan tó wà ní Ìbàdàn ni ọ̀gá wa, n kò rí i rí, ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀. Àwọn yòókù ń fi idà àti ọfà jà. Iṣẹ́ tèmi ni jíjí òkú. Ẹnikẹ́ni tó bá kú níbẹ̀, ọ̀tá ni o, ará ìlú ni o, tí mo bá ti tẹ bọ́tìnì kan, yóò dìde, yóò gba asà, yóò sì lọ jà fún mi títí yóò fi túká.

Ìyá àgbà kọ́kọ́ rò pé fíìmù ni mò ń wò. Ohun tó mú un fẹ́ràn rẹ̀ ni ìyá arúgbó kan tó máa ń dúró nídìí kànga lẹ́nu ibodè ìlú inú géèmù náà. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni ìyá náà máa ń kí, tí á sì bu omi fún.

"Kí ló ń wí?" ìyá àgbà bi mí.

"Ó ní kí n mu omi kí n tó máa lọ."

"Ọmọ èèyàn gidi nìyẹn. Kí i fún mi."

Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kọjá láìmu omi, ogun ìbáà máa jó mi lẹ́yìn. Ìyá àgbà á ní, "O ò tíì kí ìyá yẹn lónìí o," màá sì yí padà, ọ̀gá wa á máa pariwo létí mi láti Ìbàdàn pé níbo ni mo tún ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọ̀tá já wọ ìlú náà, wọ́n sì gún ìyá ìdí kànga pa. Ìyá àgbà ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Yéè! Wọ́n ti pa á!" Kó tó parí igbe náà, mo ti tẹ bọ́tìnì. Ìyá náà dìde, ọrùn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba asà, ó sì forí lé iwájú ogun. Inú mi dùn, nítorí agbára rẹ̀ ju ti àwọn òkú mi yòókù lọ. Mo yíjú sí ìyá àgbà, mò ń retí kó yìn mí.

"Kí lo ṣe fún un yẹn?"

"Mo jí i ni, Màmá. Ó ti ń bá wa jà."

"Ṣé o bi í?"

"Ta ni?"

"Òun náà. Ṣé o bi í bóyá ó fẹ́ dìde?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá ṣàlàyé fún un bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ jẹ́léósinmi, pé àwòrán lásán ni, pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Nígbà tó ń fún ẹ lómi, èèyàn ni," ó ní. "Nígbà tí uṣẹ́ dé ló wá di àwòrán?"

Àsìkò yìí ni bàbá mi wọlé. Alákòóso iléèwé ni, ó sì tún máa ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Àkúdàáyà! Nínú ilé yìí?" Ó fẹ́ ká gbàdúrà lé kọ̀ǹpútà náà lórí.

"Àkúdàáyà kọ́," ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni àkúdàáyà fi ń lọ síbi tó wù ú. Á kọ́ ulé, á bímọ, á ṣe uṣẹ́ tirẹ̀. Ta ló ń rán àkúdàáyà lógun?"

Mo rò pé àyè yọ fún mi. Mo ní, "Jésù náà ṣáà jí Lásárù."

Kí bàbá mi tó lanu, ìyá àgbà ti fèsì. "Ó jí i, ó sì ní kó máa lọ ulé. Ṣé ó gbé asà lé e lọ́wọ́ ni?"

Ẹ̀rín pa bàbá mi, àdúrà sì fọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà ò wá sí fàráńdà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń gbọ́ ìró òkúta rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá a níbẹ̀. Mo dá àbá kan tó dùn mọ́ mi nínú, pé láti òní lọ, àwọn ọ̀tá nìkan ni màá máa jí.

"Àwọn ọ̀tá ò ní ìyá ni?" ó bi mí.

Ìgbà náà ló ní kí n jókòó. Ó sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Nígbà tí bàbá àgbà kú, mò ń ṣe ìdánwò nílé ẹ̀kọ́, ọjọ́ ìsìnkú ni mo tó dé. Ó ní kó tó di ìgbà náà, àbúrò bàbá mi ti kó àwọn aládùúrà bọ̀ láti Èkó, wọ́n yí òkú ká nínú yàrá, wọ́n ní yóò dìde. Wọ́n ní kí ìyá àgbà máa pe orúkọ rẹ̀.

"Mo pè é," ó ní. "Gbogbo ọjọ́ kìíní ni mo fi pè é, ohùn mi há. Lọ́jọ́ kejì, mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó le bí èèpo igi. Mo ní, tó bá dìde báyìí, kí ló ń dìde bọ̀ wá ṣe? Oko náà ni. Nítorí ara mi ni mo ṣe ń pè é, kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Mo bá ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó sùn."

Àbúrò bàbá mi ò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún kan. Ó ní àìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí bàbá àwọn jí. Mo tẹjú mọ́ àwọn èèpo ẹkùrọ́ tó wà nílẹ̀, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan.

Ọjọ́ Sátidé ni ogun ńlá tí a ti ń múra sílẹ̀ fún látọjọ́ pípẹ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀, mo kó gbogbo òkú mi lọ sídìí kànga, mo sì tú wọn sílẹ̀. Wọ́n wó lulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa béèrè bóyá orí mi pé. Mo ní ìyá mi àgbà ló ní kí n má rán wọn níṣẹ́ mọ́. Gbogbo wọn bú mi bó ṣe yẹ. A ò pẹ́ rárá ká tó fìdí rẹmi, ọ̀gá wa sì yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá àgbà, ó ní, "Níbo lo wá sin ìyá yẹn sí?"

Ẹni tó ṣe géèmù náà ṣe bọ́tìnì fún jíjí òkú, kò rántí ṣe ti sísin wọn. Mo bá ń ṣa òkúta inú géèmù, mò ń tò wọ́n jọ lé ìyá náà lórí nídìí kànga, ìyá àgbà sì ń darí mi. "Gbé tìyẹn sọ́tùn-ún díẹ̀. Orí rẹ̀ ló kù síta." A ṣe é títí oòrùn fi rọ̀. Bàbá mi dé láti oko, ó dúró lẹ́yìn wa, ó béèrè ohun tí à ń ṣe. Ìyá àgbà ní à ń sin ẹnì kan. Bàbá mi wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó wo èmi, ó sì rọra ṣí fìlà rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ṣì ń ṣe géèmù lọ́jọ́ tí àyè bá wà. Mo máa ń rí àwọn eléré tó ń jiyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá ìwà ibi ni jíjí òkú nínú ayé àfinúrò. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa ẹ̀mí àti oògùn. Ní tèmi, mo ṣì gbà pé àwòrán ò lẹ́mìí, ìyá àgbà náà kò sì fìgbà kan sọ pé ó ní. Ohun tí n kò tíì gbàgbé ni bí ọwọ́ mi ṣe yá tó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ń fún mi lómi lójoojúmọ́ ṣubú lójú mi, n kò tilẹ̀ ṣe háà kí n tó rí ohun tí mo lè fi í ṣe. Mo rí ara mi bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nínú eré. Ó tó mi.