Pápásan Orí Ibojì Bíríkìlà

Ẹni tó bá fẹ́ pe pápásan ní èpò, kó má pè é bẹ́ẹ̀ létí Àpínkẹ́ ará Òmù-Àrán. Èmi tí mo bá a gbélé ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ni Ògúntúndé ọkọ rẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo èèyàn ń kọ́lé, òun ló ń po sìmẹ́ńtì fún wọn títí ikọ́ fi wọ̀ ọ́ láyà. Kó tó kú, ó ní sìmẹ́ńtì tí òun ti fà símú ti tó, kí wọ́n má da òmíràn lé òun lórí.

Wọ́n sin ín síwájú ilé, nínú ilẹ̀ olókùúta tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́. Àpínkẹ́ to òkúta yí i ká, ó ki ẹ̀ka pápásan bọ àárín wọn. Kì í bomi rin ín púpọ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà rà. Kó tó di ọdún kejì, ó ti tẹ́ lórí òkúta bí ẹní, ọyẹ́ ò sì rí i gbé ṣe.

Nígbà yẹn, ẹni tí kò bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibojì ẹni rẹ̀, ọ̀lẹ ni lójú ìlú. Ọlábọ̀wálé, àbúrò Ògúntúndé, ti Èkó dé fún ìrántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí pápásan, ojú tì í, ó ní òun máa da sìmẹ́ńtì lé e. Àbúrò ọkọ, ọkọ náà ni, nítorí náà Àpínkẹ́ kúnlẹ̀ kó tó kọ̀. Ó sọ ohun tí olóògbé wí. Ọlábọ̀wálé ní òun ti gbọ́. Àṣé ó ń dúró kí Àpínkẹ́ lọ sóko ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí àwọn ìyàwó ilé ro iwájú ilé nítorí àlejò. Wọ́n ha pápásan dà sí ààtàn, ó da sìmẹ́ńtì síbẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi. Sìmẹ́ńtì ò tí ì gbẹ nígbà tí Àpínkẹ́ dé. Kò sunkún. Ó fi ọkọ́ tó gbé toko bọ̀ kó o kúrò lójú gbogbo àlejò, ó kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mọ́tò Ọlábọ̀wálé, ó lọ ṣa pápásan rẹ̀ lórí ààtàn, ó tún un gbìn. Ẹ̀ka tó ti rọ pàápàá ń ta gbòǹgbò. Ọlábọ̀wálé búra pé òun ò ní tẹ ilé náà mọ́. Àpínkẹ́ ní ó dàbọ̀.

Nígbà tó yá, ìlú le. Wọ́n dá Ọlábọ̀wálé dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó padà wálé láìní mọ́tò. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó jókòó ti ibojì náà, ó ń fọwọ́ pa ewé.

"Ìyàwó wa, bí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da sìmẹ́ńtì lé mi."

Àpínkẹ́ kúnlẹ̀ dáadáa. "Ọkọ mi, ta ló tún rí sìmẹ́ńtì rà?"

Ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ wá òkúta tirẹ̀.